Kóòdù tí Àjíkẹ́ fún àlejò

Kétu,
òwúrọ̀ Ọjọ́rú.

Àjíkẹ́ mi,

Ó yẹ kí n kọ́kọ́ béèrè àlàáfíà rẹ, kí n béèrè ilé, kí n béèrè iṣẹ́, kí n tó dé orí ọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n mo gbọ́ ohùn rẹ lọ́jọ́ Àìkú. Ẹni tó ń sunkún, tó sì ń sọ fún mi pé ọ̀fìnkìn ló ń ṣe òun, kí ni mo tún fẹ́ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀? Àlàáfíà kò sí. Jẹ́ kí á wọ inú ọ̀rọ̀.

Mo lè fi pọ́tábù pè ọ́. Mi ò ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí pọ́tábù ni wọ́n fi mú ọ, àti nítorí pé mo mọ ìwà rẹ: wàá máa sọ pé "Màmá, mo ti gbọ́, mo ti gbọ́," títí ìpè yóò fi já. Ìwé kò ṣeé já lẹ́nu. Jókòó, kí o kà á. Bí o bá dé ibi tó dùn ọ́, má fò ó.

Jẹ́ kí n tún ọ̀rọ̀ rẹ sọ bí mo ṣe gbọ́ ọ. O ti lo oṣù mẹ́ta níbi iṣẹ́ tuntun, nínú yàrá tí wọ́n ti ń darí bọ́ọ̀sì ìlú Kútọnù. Ẹ̀rọ tó wà níwájú rẹ ń fi ibi tí bọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan wà hàn ọ́, ẹ̀yin náà sì ń fi àṣẹ ránṣẹ́ sójú gíláàsì kékeré tó wà níwájú awakọ̀: yà síhìn-ín, dúró sọ́hùn-ún, ọ̀nà yẹn ti dí. Ohun tí ẹ bá kọ ni awakọ̀ yóò ṣe. Kóòdù, àmì àṣírí tìrẹ nìkan, lo sì fi ń wọ inú ẹ̀rọ náà. Ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, ọkùnrin kan pè ọ́, ó ní òun wà lára àwọn tó ń tún ẹ̀rọ yín ṣe. Ní Kútọnù, Véró ni gbogbo ayé ń pè ọ́, ṣùgbọ́n ọkùnrin yìí pè ọ́ ní Àjíkẹ́. Ó fọ èdè Kétu sí ọ. Ó ki ìdílé wa títí dé ọ̀dọ̀ bàbá bàbá rẹ. Ó wá ní, "Ọmọ ilé wa, fún mi ní kóòdù yẹn kí n bá ọ tún nǹkan kan ṣe kíá, kí ṣẹ́fù rẹ, ọ̀gá yín, tó rí i." O sì fún un.

Ọjọ́ Jímọ̀ tó kọjá, àṣẹ kan yọ lójú gíláàsì bọ́ọ̀sì kan pé kí ó kúrò lójú ọ̀nà rẹ̀, kí ó gba títì kan tí wọ́n ti gbẹ́ fún gọ́tà. Bọ́ọ̀sì náà kún fọ́fọ́. Obìnrin kan tó ń gbé àdúgbò yẹn ló pariwo pé, "Dúró! Ilẹ̀ ò sí níwájú!" Kí awakọ̀ tó tẹ bíréèkì, táyà kan ti wọ inú kòtò. Ìyá àgbà kan dá lápá, ọmọ ilé-ìwé kan fi ètè gbá irin. Nígbà tí wọ́n wá àṣẹ náà nínú ẹ̀rọ yín, wọn ò rí i: ẹnì kan ti pa á rẹ́. Wọ́n ní awakọ̀ ń parọ́, wọ́n ní ó fẹ́ gba ọ̀nà àbùjá ni. Ọ̀la, Ọjọ́bọ̀, ni wọ́n máa jókòó lórí ọ̀rọ̀ rẹ̀, wọ́n sì fẹ́ lé e. Ìwọ lo mọ̀ pé ẹlòmíì ní kóòdù rẹ lọ́wọ́. O dákẹ́. O ní, "Màmá, bí mo bá lanu, iṣẹ́ mi bọ́ nìyẹn."

Ṣé bẹ́ẹ̀ ni? Ó dáa. Nígbà náà, bí o ṣe ń ka ìwé yìí, àwọn bọ́ọ̀sì yẹn ń rìn, èrò kún inú wọn, ẹni tí ẹ kò mọ̀ sì lè darí wọn láti ibi tó jókòó sí. Èmi ò lọ sí ilé-ìwé ju ti kékeré lọ, Yorùbá tí mo fi ń kọ̀wé yìí, ilé ìsìn ni mo ti kọ́ ọ, ṣùgbọ́n èyí yé mi. Ó yé mi ju bí o ṣe rò lọ. Ara mi ò balẹ̀ láti ọjọ́ Àìkú.

Mo fẹ́ sọ nǹkan kan fún ọ tí mi ò sọ fún bàbá rẹ títí ó fi kú.

Nígbà tí mo lóyún rẹ, ibùdókọ̀ tó wà ní Kétu níbí ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Èmi ni mo ń kọ orúkọ èrò. Ọkọ̀ tó ń lọ sí Idigny lè gba ọ̀nà ńlá, ó sì lè gba ọ̀nà oko, olè sì ń dá ọkọ̀ lọ́nà nígbà yẹn, pàápàá lọ́jọ́ ọjà. Nítorí náà, awakọ̀ kì í fẹnu sọ ọ̀nà tó máa gbà. Àkísà ni yóò so mọ́ dígí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀. Bó bá so ó mọ́ ti ọ̀tún, ọ̀nà ńlá ni. Bó bá so ó mọ́ ti òsì, ọ̀nà oko ni. Àwọn awakọ̀ mọ̀ ọ́n, èmi náà mọ̀ ọ́n, torí pé èmi ni mo gbọ́dọ̀ fi ẹni tó fẹ́ sọ̀ lójú ọ̀nà sínú ọkọ̀ tó máa gba ibẹ̀. Ẹlòmíì tó bá rí i, àkísà lásán ni lójú rẹ̀.

Ọjọ́ ọjà kan, ọkùnrin kan wọ ibùdókọ̀. Aṣọ rẹ̀ mọ́. Ó dọ̀bálẹ̀ kí àwọn àgbà, ó wá yíjú sí mi, ó ní, "Àdùkẹ́!" Ìyá mi nìkan ló ń pè mí ní Àdùkẹ́, kò sì tíì pé ọdún tó kú. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ki ìdílé mi. Orí mi wú. Ìwọ náà mọ bó ṣe máa ń rí lára. Mo ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tí wọ́n fi òróró pa lára. Ó ní àbúrò òun ń dúró de ẹrù lójú ọ̀nà oko, èwo nínú àwọn ọkọ̀ yẹn ló máa gba ibẹ̀? Mo nawọ́ sí i. Ó ní, "Ọmọ ilé wa gbọ́n o! Báwo lo ṣe ń mọ̀?" Èmi, tí mo fẹ́ kí ó rí i pé mo gbọ́n lóòótọ́, mo fi àkísà hàn án, mo ṣàlàyé ọ̀tún, mo ṣàlàyé òsì. Mi ò gba nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ̀. Oríkì ìyá mi nìkan ni mo gbà.

Ọ̀sán ọjọ́ yẹn gan-an ni wọ́n dá ọkọ̀ náà lọ́nà. Wọ́n lu àwọn èèyàn, wọ́n kó ohun ọwọ́ wọn lọ. Kò sẹ́ni tó kú. Nígbà tí àwọn àgbà ibùdókọ̀ jókòó, wọ́n ní ẹni tó mọ àmì ló tú àṣírí, wọ́n sì dojú kọ awakọ̀ ọkọ̀ náà, Sùlé. Sùlé búra. Ó fi àwọn ọmọ rẹ̀ búra. Wọ́n ní kó má ṣe dé ibùdókọ̀ mọ́. Mo jókòó síbẹ̀, ìwé èrò wà lórí itan mi, mo ń wo ilẹ̀.

Mo ní màá sọ ọ́ lọ́jọ́ kejì. Ọjọ́ kejì dé, mo ní oyún ló ń yọ mí lẹ́nu. Mo ní kí ni bàbá rẹ máa sọ? Kí ni wọ́n máa pè mí nínú ìlú? Ọjọ́ ọjà kan kọjá láìsí wàhálà, mo ní ó ti tán. Wàyí o, fetí sílẹ̀ dáadáa níbí, Àjíkẹ́: nítorí pé wọ́n ti lé Sùlé, ọkàn gbogbo wọn balẹ̀. Wọ́n rò pé ihò ti dí. Kò sẹ́ni tó yí àmì àkísà padà.

Ọjọ́ ọjà kejì, Rámátù wọ ọkọ̀. Òun ló ń ta àkàsà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì mi, ọ̀rẹ́ tó ń fi mí ṣẹ̀sín lójoojúmọ́ pé oyún mi tó ilé. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, ọmọ ọdún mẹ́rin, ara rẹ̀ gbóná lọ́jọ́ náà, ó tẹ́ ẹ sórí ẹní mi. Ó ní, "Bá mi mójú tó o, mi ò ní pẹ́." Èmi ni mo kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé. Àkísà wà lára dígí òsì, mo sì rí i. Wọ́n ti gbé igi dábùú ọ̀nà oko. Awakọ̀ rí igi náà, ó fẹ́ fi ẹ̀yìn sá, ọkọ̀ sì dojú dé. Rámátù nìkan ló wà lábẹ́ rẹ̀.

Ọmọ yẹn ni Kàmọ́rù. Ẹ̀gbọ́n rẹ Kàmọ́rù, tí o máa ń gùn lẹ́yìn kiri àgbàlá ní kékeré. Bàbá rẹ̀ ti lọ, kò sẹ́ni tó mọ ibi tó wà, mo sì mú ọmọ náà sọ́dọ̀. Mo rí i pé ó ń lọ sí mọ́ṣáláṣí nígbà tí àwa ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Gbogbo Kétu ló ń yìn mí. Wọ́n ní èèyàn rere ni mí, tó tọ́ ọmọ ọ̀rẹ́ rẹ̀ bí ọmọ inú ara rẹ̀. Fún ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni mo ti ń dá wọn lóhùn pé, "Ẹ ṣeun." Ọmọ mi, ó ń dùn mí. Ó ń dùn mí bíi pé àná ni.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ àwọn ohun tí mo fẹ́ sọ yìí fún ọ.

Èkíní, ẹni tó bá mọ oríkì rẹ kò tíì di ẹbí rẹ. Ẹni tó nílò kóòdù rẹ ní tòótọ́ kò sí láyé yìí. Bí ẹni tó ń tún ẹ̀rọ ṣe bá níṣẹ́ láti ṣe, kóòdù tirẹ̀ ni kó lò. Bí ẹnikẹ́ni bá tún pè ọ́, pa pọ́tábù, dìde, fi ẹsẹ̀ ara rẹ rìn lọ bá ọ̀gá yín, kí o bi í bóyá ó mọ onítọ̀hún. Bó bá ń kánjú, tó ní kí ẹnikẹ́ni má gbọ́, olè ni. Iṣẹ́ rere kì í sá fún ojú ọ̀gá.

Èkejì, mo mọ̀ pé ojú ló tì ọ́ láti kọ̀ fún àgbà. Èmi ni mo kọ́ ọ bẹ́ẹ̀, mi ò sì ní kó ìwà yẹn kúrò lára rẹ. Ṣùgbọ́n gbọ́: o lè kúnlẹ̀ kí o sì wí pé rárá. "Ẹ má bínú, bàbá, mi ò lè ṣe é." Orúnkún rẹ wà nílẹ̀, ọwọ́ rẹ sì wà lórí kóòdù. Kò sí òfin Kétu kan tó ní ẹni tó kúnlẹ̀ gbọ́dọ̀ gbà. Mo ti ju ọmọ ọdún àádọ́ta lọ kí èyí tó yé mi.

Ẹ̀kẹta yìí, tèmi ni. Láti ọjọ́ Àìkú ni mo ti ń bi ara mi léèrè ibi tí ọkùnrin yẹn ti mọ Àjíkẹ́. Mo ti rí ibẹ̀. Nígbà tí o gba iṣẹ́, inú mi dùn débi pé mo gba ohùn mi sílẹ̀, mo fi oríkì kì ọ́ láti òkè délẹ̀, mo dárúkọ ibi iṣẹ́ rẹ, mo sọ pé ọmọ mi ló ń darí gbogbo bọ́ọ̀sì Kútọnù. Mo fi ránṣẹ́ sínú ẹgbẹ́ àwọn ìyá ṣọ́ọ̀ṣì wa lórí wọ́sáàpù, pẹ̀lú fọ́tò rẹ níwájú ẹ̀rọ. Wọ́n fi ránṣẹ́ síwájú. Ìyá kan láti Adakplamè, tí mi ò rí rí, fi oríkì rẹ kí mi lọ́jà. Ṣé o rí i? Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Lẹ́ẹ̀kan, àlejò fi oríkì mi mú mi. Lẹ́ẹ̀kejì, èmi fúnra mi fi tìrẹ lé àlejò lọ́wọ́. Nítorí náà, bí wọ́n bá bi ọ́ léèrè bí olè ṣe mọ̀ ọ́, má bò mí. Sọ pé ìyá rẹ kò lè pa ayọ̀ mọ́nú. Kí gbogbo èèyàn ibi iṣẹ́ yín náà sì sọ fún àwọn ìyá tiwọn.

Awakọ̀ yẹn ńkọ́? O ò sọ orúkọ rẹ̀ fún mi, ṣùgbọ́n mo mọ̀ ọ́n. Sùlé tìrẹ ni. Ó ń búra fún wọn níbì kan lónìí, ẹni tó mọ òtítọ́ sì ń wo ilẹ̀. Bí wọ́n bá lé e lọ́la, wọ́n á ní ọ̀rọ̀ ti parí, ọkàn wọn á balẹ̀, wọn ò sì ní yí kóòdù kankan padà. Ìgbà yẹn gan-an ni igi yóò dábùú ọ̀nà. Lẹ́ẹ̀kejì, ó lè má sí obìnrin tó máa pariwo.

Mo tún ní èrò kan, ẹ gbà á tàbí ẹ jù ú nù. Sọ fún àwọn ọ̀gá yín pé kí wọ́n jẹ́ kí awakọ̀ lè béèrè. Bí àṣẹ tó jáde lójú gíláàsì kò bá jọ ohun tí ojú rẹ̀ ń rí, kó dúró, kó fẹnu bi yín, kó gbọ́ ohùn èèyàn tó mọ̀ kó tó yà. Láyé ọjọ́un, awakọ̀ tó bá ń ṣiyèméjì á sọ̀kalẹ̀, á bi mí. Ẹ̀rọ yín gbọ́n, ṣùgbọ́n obìnrin tó mọ àdúgbò rẹ̀ ló gba ẹ̀mí àwọn èrò yẹn là.

Bẹ́ẹ̀ náà, kúrò nínú àṣà kíkọ kóòdù sórí bébà. Má sẹ́, mo rí i nínú fọ́tò tí mo fi ránṣẹ́ yẹn, bébà aláwọ̀ òféèfèé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọwọ́ rẹ. Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò ráyè wọ̀ ọ́. Èmi àti ìwọ la jọ la ògiri yìí lẹ́nu, a ò sì ní fi aláǹgbá nìkan bú.

Mi ò rántí nọ́ńbà tí mo dé mọ́. Kò ṣe nǹkan.

O sọ̀rọ̀ kan lọ́jọ́ Àìkú tó ń ro mí lọ́kàn. O ní, "Màmá, ẹ̀yin náà lẹ máa ń sọ pé ikú yá ju ẹ̀sín lọ." Òótọ́ ni, mo máa ń sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ikú ta ni? Ẹni tó pa òwe yẹn, ikú ti ara rẹ̀ ló ní lọ́kàn. Èmi yan ikú Rámátù dípò ẹ̀sín tèmi, láì bi Rámátù léèrè. Ìwọ fẹ́ yan ikú ta ni? Ìyá àgbà tó dá lápá? Ọmọ ilé-ìwé yẹn? O ò mọ̀ wọ́n, wọn ò sì mọ̀ ọ́. Wọ́n kàn wọ bọ́ọ̀sì ni.

Iṣẹ́ lè bọ́. Mi ò ní parọ́ fún ọ. Wọ́n lè pè ọ́ ní òmùgọ̀, wọ́n sì lè lé ọ. Bí wọ́n bá lé ọ, máa bọ̀ nílé. Àgbàdo wà lóko, yàrá rẹ ṣì wà bó ṣe wà. Màá bínú sí ọ fún ọjọ́ méjì, lẹ́yìn náà a ó jọ jẹun. Ṣùgbọ́n bí o bá dákẹ́, tí bọ́ọ̀sì kan sì dojú dé, kò sí ilé tí o máa sá wá tí ọ̀rọ̀ náà kò ní bá ọ wọlé. Mo mọ̀.

Mi ò lè ní kí o ṣe ohun tí èmi ò ṣe. Nítorí náà, láàárọ̀ yìí, kí n tó mú bírò, mo lọ bá Kàmọ́rù níbi tó ti ń tún alùpùpù ṣe. Mo dúró sórí rẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, láti orí oríkì dé orí àkísà dé orí Sùlé. Kò gbójú sókè. Ó ń yí nọ́ọ̀tì kan tó ti le tipẹ́. Nígbà tí mo sọ tán, ó bi mí ní ìbéèrè méjì péré.

"Ṣé ẹ̀yin lẹ kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé?"

Mo ní, "Èmi ni."

"Ẹ sì rí àkísà yẹn?"

"Mo rí i."

Ó nu ọwọ́ rẹ̀. Mo sọ fún un pé ìwọ náà wà nínú irú rẹ̀ báyìí, pé mo fẹ́ kọ̀wé sí ọ. Ó ní, "Ẹ lọ kọ ọ́, Màmá Véró. Èmi ni màá gbé e lọ fún un."

Màmá Véró. Bí àwọn aládùúgbò ṣe ń pè mí nìyẹn. Láti ọmọ ọdún mẹ́rin, Màmá ni Kàmọ́rù ń pè mí.

Ó wà lẹ́nu ọ̀nà báyìí, ó ti wọ bàtà, ó ń dúró de ìwé. Mo gbé oúnjẹ fún un, kò jẹ ẹ́. Mi ò mọ̀ bóyá ó tún máa pè mí ní Màmá láéláé. Ẹ̀sín tí mo ń sá fún láti ọjọ́ yìí wá nìyẹn. Ó ti dé, mo sì ṣì ń mí.

Ọ̀sán ni yóò dé ọ̀dọ̀ rẹ. Kí i dáadáa, fún un lómi, má bi í ní ìbéèrè. Kí ẹ jọ dìde lọ sí bíròó àwọn ọ̀gá yín lónìí, kí wọ́n tó jókòó lọ́la. Ó ní òun máa bá ọ wọlé, pé òun máa dúró tì ọ́ títí o fi máa sọ ọ́ tán.

Èmi ìyá rẹ,
Àdùkẹ́.